Ìdáhùn Tí Mo Fún Ọ̀gá Lórí Àtẹ̀gùn

Bí ẹnì kan bá bi mí ní ọjọ́ tí owú wọ inú mi, mo lè sọ ọ́ láìronú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá díẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì mi ní àjà keje, mo gbọ́ bàtà ọ̀gá wa tó ń bọ̀, kó-kó-kà, kó-kó-kà, mo sì gbọ́ ìgbà tó dúró. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló dúró sí. Ìdí tábìlì ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya ló dúró sí, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Àwa méjìlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni ilé-iṣẹ́ kan gbà lọ́dún kan náà. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn ni wọ́n ń ṣe. Bí ilé ìwòsàn kan tàbí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan bá rí i pé nǹkan òun ò lọ déédéé, wọ́n á pè wá, a ó lọ wo ìdí rẹ̀, a ó sì sọ bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Ẹ̀ka wọn wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ogójì. Kò sẹ́ni nínú àwa méjìlá tí kò tíì fi ọkàn rìnrìn àjò dé mẹ́ta mẹ́rin nínú wọn kí wọ́n tó fún wa ní káàdì ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń wọ yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo kọ lu àga kan, mo sì sọ fún un pé, “Pẹ̀lẹ́ o.”

Ọmọbìnrin tó jókòó sórí àga tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. “Ó ní kò dun òun.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Pẹ̀lẹ́. Òun náà ò lọ láìgba orúkọ. Kí ẹni tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ọmọbìnrin yìí ti na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ọkùnrin náà fi aṣọ nu ojú, ó ní, “Ìwọ, Ìbéèrè, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n mí.” Ó di Ìbéèrè nìyẹn.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bá a rìn dé ibùdókọ̀ kí n tó lè la ẹnu. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì sì sá sábẹ́ òrùlé kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì.

“Mo fẹ́ràn rẹ,” ni mo wí.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ àga yẹn.”

“Kí ló wá dé tó o fi dúró di oṣù kẹrin?”

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù kí ni?”

“Ẹ̀rù ìbéèrè.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, “Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Mo ti ń retí kó o sọ ọ́ láti oṣù kejì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ sọ ọ́.”

Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè wí lọ. Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. A jọ ń ṣiṣẹ́, a jọ ń jẹun ọ̀sán, a jọ ń ṣépè fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ìwé máa ń há sí lọ́fun. Mo mú un lọ rí ìyá mi, òun náà sì mú mi lọ rí bàbá rẹ̀. A ti fẹnu kò pé a ó fẹ́ ara wa.

Ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ńlá kan pè wá. Àwọn aláìsàn ń dúró láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí wọ́n tó rí dókítà. Èmi jókòó sí ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń ya àwòrán oríṣiríṣi lórí kọ̀ǹpútà láti fi hàn pé dókítà wọn ò tó. Ìbéèrè mú ìwé kékeré kan, ó lọ tò sórí ìlà bí aláìsàn. Wákàtí márùn-ún ló fi dúró.

“Pẹ̀lẹ́, dókítà wọn tó,” ló wí nígbà tó dé. “Káàdì kan náà ni wọ́n ń gbé kiri ojú fèrèsé mẹ́ta. Ẹni tó wà lójú fèrèsé kejì ò sì ṣe nǹkan kan sí i ju pé kó wò ó, kó sì tì í sí ẹnì kẹta.”

Wọ́n ti fèrèsé kejì pa. Láàárín oṣù kan, ìlà gígùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Níbi ìpàdé wa, Ọ̀gá Kókókà dìde. Nítorí bàtà rẹ̀ la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ dájúdájú. Ó tó ẹni ogójì ọdún, kò ní ìyàwó, aṣọ rẹ̀ kì í rún, ó sì gbọ́ èdè mẹ́rin. Ó ní, “Àwọn kan jókòó, wọ́n ń rò ó. Ọmọ yìí lọ wò ó.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Tèmi ló pariwo jù. Ṣùgbọ́n èmi ni “àwọn kan” yẹn, nǹkan kan sì ta mí nínú bí ẹ̀gún.

Láti ìgbà náà ni bàtà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Kí ni ọ̀gá wá wí?” ni mo bi í ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo kọ́kọ́ dárúkọ.

“Ó ní kí n tún ojú ìwé kẹrin kọ.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló fi sọ ìyẹn?”

Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. “O kà á?”

“Mi ò kà á. Mo kàn mọ̀ ni.”

“Ọkùnrin yìí, o ń jowú!” Ó dùn mọ́ ọn nínú, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. “Ọ̀gá tó jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ló ń lá lálàá? Gbé ọkàn rẹ sílẹ̀, jọ̀ọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò wálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ohun tí kò yẹ kí n máa ṣọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín níbi tí ọ̀gá wà, mo máa ń wò ó bóyá irú ẹ̀rín tó ń rín fún mi ni. Mo tilẹ̀ ra bàtà tó ń dún. Ọjọ́ méjì péré ni mo wọ̀ ọ́, ó bó mi lẹ́sẹ̀.

Lọ́dún kejì wa, olú ilé-iṣẹ́ ní òkè òkun kọ̀wé pé àwọn ń fẹ́ ẹnì kan láti ẹ̀ka wa fún ọdún méjì. Ẹni tó bá lọ, ọ̀nà rẹ̀ là nìyẹn, nítorí láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rán èèyàn lọ sí gbogbo ayé. Èmi àti Ìbéèrè fi orúkọ sílẹ̀. A bá ara wa sọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n bá mú kó lọ, kí ẹnì kejì dúró, kí a sì ṣe ìgbéyàwó tó bá dé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó ń ránṣọ lọ́wọ́. Aránṣọ ni, abẹ́rẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Ọmọ yẹn dáa,” ló wí láàárín eyín. “Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ṣáájú, ṣé ọkọ á máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni?” Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí mi.

Bàbá Ìbéèrè, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. “Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní kò ní lọ máa dá gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀,” ló wí, ó sì yí rédíò rẹ̀ sókè. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ló bá wa bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ló fi lọ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èmi náà wà níbẹ̀, lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìbéèrè?” ni Àǹtí wí.

“Èmi ni.”

“Ó ń bi yín báyìí pé kí lẹ̀ ń bẹ̀rù. Ẹ dá a lóhùn.”

Bàbá ń fi ìka gbá apá àga. “Tí wọ́n bá mú un, kó máa lọ,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Mi ò ní dá a dúró.”

Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní àwíjàre kankan fún ohun tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Lífìtì bà jẹ́, àtẹ̀gùn ni gbogbo wa ń gùn. Ìbéèrè ti lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, níbi tí wọ́n ti máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àlejò lẹ́nu géètì. Mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ kó-kó-kà tó ń gòkè, a sì pàdé ní àjà kẹrin.

“Pẹ̀lẹ́, ó dáa tí mo rí ọ,” ni ọ̀gá wí, ó ń mí gúlegúle. “Olú ilé-iṣẹ́ ti mú Ìbéèrè. Ìwọ lo tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kó dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá kó tó di ọ̀sán yìí. Mo ti pè é pè é, fóònù rẹ̀ ò lọ. Wọ́n ní ẹ ń fẹ́ ara yín. Ṣé ó lè lọ?”

Kò sí ohun tó rọrùn ju kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ mo rí i níwájú mi bó ṣe ń wọ bàálù, tí ọ̀gá ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù fún ìpàdé, tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹun níbi tí mi ò mọ̀. Mo rí ara mi lórí àga ní àjà keje, mo ń ya àwòrán.

“Kò lè lọ, sà,” ni mo wí. “Bàbá rẹ̀ ò gbà. Ó sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé òun fẹ́ yọ orúkọ òun kúrò, ojú ló ń tì í láti sọ fún yín.”

“Áà.” Ojú ọ̀gá rẹ̀wẹ̀sì. “Ó mà ṣe o.”

“Ẹ má bá a sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó ń dùn ún.”

“Mi ò ní bá a sọ ọ́.” Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ lè lọ?”

Mo ní mo lè lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyà ń jẹ́, kó ṣe irú èyí, kí ẹni tó ṣe é sí sì bá a di ẹrù. Ìbéèrè gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Ó ká àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó kọ orúkọ mi sára àpótí, ó ra ìbọ̀wọ́ nípọn fún mi torí òtútù ibẹ̀. “Kò ṣe nǹkan kan,” ló ń wí. “Ẹnì kan nínú wa lọ, àwa méjèèjì la lọ.” Ní pápákọ̀ òfurufú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wò mí lójú, ó ní, “Kí ló dé tí o ò lè wo ọmọ yìí?” Mo ní oorun ló ń kùn mí.

Ìlú náà tutù, ó mọ́, ó sì ń yára. Ní olú ilé-iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ní tábìlì tirẹ̀. Bó o bá dé láàárọ̀, ibi tó o bá rí ni wàá jókòó sí. Mo ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́, mo sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà gbogbo tí wọ́n bá bi wá níbi ìpàdé pé, “Ta ló ní ìbéèrè?” àyà mi á já.

Ẹ̀yin á rò pé owú á ti kúrò, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo borí. Ó burú sí i ni. Mo mọ bí irọ́ ṣe rọrùn tó, torí náà mo ń gbọ́ irọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo pè é ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ kó-kó-kà lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Ta lo rò? Ọ́fíìsì ni mo wà, Pẹ̀lẹ́.”

“Ó tún wá dúró sídìí tábìlì rẹ?”

“Ó ń kọjá lọ ni. Kí ló ń ṣe ọ́?”

Mi ò jẹ́ kó sinmi. Lóṣù keje, mo sọ fún un pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá bá mi, kí a ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀.

“Kí n wá ṣe kí ni níbẹ̀?”

“Kó o wá jẹ́ ìyàwó mi. Àbí ohun tó wà ní ọ́fíìsì yẹn dùn mọ́ ọ jù mí lọ?”

Ó ní, “Tó bá jẹ́ ohun tó máa fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn, màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.”

Ọjọ́ kẹta ló pè mí padà. Ọ̀sán ni, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin, èèyàn ń kọjá lọ́tùn-ún lósì. Mo rí ojú rẹ̀ lórí fóònù. Kò sunkún. Ì bá sàn ká ní ó sunkún.

“Mo sọ fún ọ̀gá pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀,” ló wí. “Ó ní, ‘Nítorí ìdílé lo ṣe yọ orúkọ rẹ kúrò lọ́jọ́sí, nítorí ìdílé lo tún ṣe fẹ́ lọ báyìí.’ Mo ní orúkọ wo. Pẹ̀lẹ́, kí lo sọ fún ọ̀gá?”

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún àwọn tó ń kọjá.

“Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Kí lo sọ fún un?”

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì pa fóònù.

N kò lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Mo lọ bá ẹni tí mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ilé bàbá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí wọn, mo tẹríba, mo jẹ́wọ́ láìjókòó. Mo ní, “Bàbá, wọ́n mú un. Èmi ni mo ní ẹ ò gbà.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Bàbá dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ló wí. “Mo ní kó lọ lójú àǹtí rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run kó má rí bẹ́ẹ̀. O ṣe é fún mi.”

Ìdúpẹ́ yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Ká ní ó lù mí ni, ǹ bá ti rí nǹkan sọ. Bí mo ṣe di ọwọ́ náà mú ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìbéèrè ti wà níbẹ̀ látìgbà tí mo dé.

“Bàbá, ẹ̀yin náà?” Ohùn rẹ̀ kéré. “Àǹtí, ẹ wò wọ́n. Àwọn méjì tó fẹ́ràn mi jù láyé nìyí, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ mi.”

“Mo jowú ni,” ni mo wí. “Owú ló—”

“Má pè é lówú. Ẹni tó jowú á fẹ́ kí n wà lọ́dọ̀ òun. Ìwọ gba ipò náà, o sì fi mí sílẹ̀ níbí. Mo bá ọ di ẹrù, Pẹ̀lẹ́! Ìlara nìyẹn.” Ó kọjá lára mi, ó jáde.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ní orílẹ̀-èdè mìíràn, kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó lọ.

Èmi rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí kò ju èèyàn mẹ́rin lọ, a ń gba àwọn oníbúrẹ́dì àtàwọn oní ilé ìtajà nímọ̀ràn. Mo kọ́ láti máa lọ tò sórí ìlà. Bí mo bá rí Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ohun kan náà ni mo máa ń bi í.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé ó ti rí ẹlòmíràn?”

Lọ́jọ́ kan, ó bínú. “Oṣù mẹ́fà rèé, o ò tíì bi mí bóyá ara rẹ̀ le! Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nílé, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò lè kàwé mọ́, tọ̀sántòru ni mo sì ń ṣiṣẹ́. Tó o bá fẹ́ ṣe nǹkan kan, lọ kàwé fún un.”

Mo lọ. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń lọ ka ìwé ìròyìn fún Bàbá. A kì í dárúkọ Ìbéèrè. Ojú ń ti àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọjọ́ tí Bàbá gbé fóònù rẹ̀ fún mi, tó ní, “Ọmọ mi kọ lẹ́tà. Kà á fún mi.”

Mo kà á. Ó kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún èbúté kan ṣe, yìnyín. Mo sì dé ibi kan, mo dúró.

“Kí ló dé?” ni Bàbá wí.

Kò rí ohun tó wà níwájú mi. Mo lè fò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó kọ ọ́ pé, “Alábàáṣiṣẹ́ mi kan wà tó máa ń bá mi jẹun ọ̀sán. Ó gbọ́n, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ro ọ̀rọ̀ òun wò. Mi ò tíì dá a lóhùn.”

Mo kà á, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

“Tún ibẹ̀ yẹn kà,” ni Bàbá wí.

Mo tún un kà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú Bàbá, Ìbéèrè wálé. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mi ò tíì rí i. Mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ní ọ̀sán. Ó ti gé irun rẹ̀ kúrú, ó sì ń rìn bí ẹni tí àwọn èèyàn ń dúró dè. Kò jókòó.

“Bàbá ní ìwọ lo ń ka lẹ́tà mi.”

“Èmi ni. Mo tọrọ àforíjì.”

“Èyí tí mo kọ nípa alábàáṣiṣẹ́ mi, o kà á?”

“Mo kà á.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n tún un kà.”

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́. “Kí ló wá ṣe ọ́?”

“Mo lọ fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé bàbá rẹ. Mo fọ èyí tó mọ́ mọ́ ọn.”

Ó jókòó nígbà yẹn, ó fi àga kan sáàárín wa. Ó wo ilẹ̀ títí. “Màá sọ nǹkan kan fún ọ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ìwọ lò ń lọ, lẹ́yìn tí mo gbá ọ mọ́ra, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi kó máa dà kí wọ́n má bàa gbọ́ mi. Mo sunkún. Mo sì gbàdúrà pé kó má dáa fún ọ níbẹ̀. Kí wọ́n dá ọ padà. Mo jowú rẹ débi pé ẹ̀rù ara mi bà mí.”

“Ṣùgbọ́n o bá mi di ẹrù.”

“Mo bá ọ di ẹrù. Ìyàtọ̀ wa nìyẹn.” Ó gbé ojú sókè. “Mo dá ọkùnrin yẹn lóhùn. Mo ní rárá. Má rò pé nítorí tìrẹ ni o. Kò kàn lè dákẹ́ kí èèyàn ronú ni. Oṣù mẹ́wàá ló kù kí n padà. O lè máa kọ̀wé sí mi. Má bi mí ẹni tí mo bá jẹun. Sọ ohun tí o ṣe lóòjọ́ fún mi.”

Mo kọ̀wé sí i fún oṣù mẹ́wàá. Mo kọ nípa oníbúrẹ́dì tí ààrò rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ, nípa ojú Bàbá tó ti là, tó wá ń rí àléébù gbogbo èèyàn. Nígbà mìíràn mo máa ń kọ ìbéèrè tí kò yẹ, màá pa á rẹ́, màá tún un kọ, màá tún pa á rẹ́. Nígbà tó dé, mi ò tíì la ẹnu tó fi bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ òun. Mo ní, “Láti ìgbà wo lo ti ń rò ó?” Ó ní kí n dáhùn kíá kó tó yí ọkàn padà.

A ṣe ìgbéyàwó ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, èèyàn ò ju mẹ́sàn-án lọ. Ìyá mi ló rán aṣọ Ìbéèrè. Bí ó ṣe ń so bọ́tìnnì ẹ̀yìn fún un, mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Mo rí i nínú rédíò pé wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín,” Ìbéèrè sì bi í báwo ni wọ́n ṣe ń rí nǹkan nínú rédíò. Bàbá gbá mi mú lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé. “Àwa méjèèjì jẹ ọmọ yìí ní gbèsè ọ̀rọ̀,” ló wí. “Èmi ti bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kó di ohun tí a tún máa bẹ̀ ẹ́ lé lórí.”

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ ṣí ẹ̀ka tuntun ní orílẹ̀-èdè kẹta, kó jẹ́ olórí ibẹ̀. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí mo ní láti parí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni màá tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú lọ́hùn-ún pè é láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, bí a ṣe ń jẹun. Ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ dùn bí ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ìbéèrè bá a sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì rí mi bí mo ṣe ń fi ṣíbí ro tíì tí mo ti rò tán.

“Kí ló dé?” ló wí.

Mo lè ní kò sí nǹkan. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

“Mo ń jowú,” ni mo wí. “Mo jowú ọkùnrin yẹn, mo sì jowú rẹ. Ó ń ta mí báyìí bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.”

Ó wò mí dáadáa. Ó dìde, ó nu ẹnu rẹ̀, ó wọ kóòtù.

“Ó dáa,” ló wí. “Máa jowú lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo nínú àpótí méjèèjì, ìwọ lo máa gbé e.”

Mo gbé e.